Ìgbálẹ̀ Méje ní Ìgàndó

Leicester,
Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kìíní, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọdún. Ẹ sì kú ìrora ìbàdí. Ẹ rò pé mi ò mọ̀, àbí? Mo mọ̀. Ẹ ṣubú nínú bálùwẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún, àwọn aládùúgbò yín ní kílóòsì gbé yín lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun, kò ṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnu Olútóyìn ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá gbáko? Obìnrin yẹn rò pé mo ti mọ̀ ni. Ó ń kí mi kú ewu ìyá mi. Ojú tì mí débi pé mo díbọ́n.

Ẹ ní etí yín ò gba fóònù mọ́, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ. Ó dáa, òun nìyí. Olútóyìn á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ ó kọ èsì, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo ẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwé pẹ́ lọ́nà.

Ẹ gbọ́ mi, Màámi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni yín. Èmi nìkan lẹ bí. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé inú ilé yẹn. Orí ló yọ yín lọ́jọ́ náà, orí kì í sì í ṣe ètò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni kí n mọ ibi tí ọgọ́rin ọkọ̀ ẹrù wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo lè tọ́ka sí gbogbo wọn lórí ẹ̀rọ. Ìyá tó bí mi ni mi ò lè tọ́ka sí.

Mo ti wádìí. Kí ẹ wá bá mi níbí ò ṣeé ṣe. Lọ́yà méjì ni mo bi, àwọn méjèèjì ní ilẹ̀kùn yẹn há ju ojú abẹ́rẹ́ lọ fún òbí àgbà. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìkòtún tó ń fúnni ní olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà lóṣù, ṣùgbọ́n á máa lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin nìkan ni yóò tún kù. Èyí tí ọkàn mi mú ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lóṣù, wọ́n sì ń gba ti oṣù méjì ṣáájú. Ó wọ́n, mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi fi ìyẹn ṣe wàhálà tèmi. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, dókítà ń wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iná kì í lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ń retí yín ní Àbámẹ́ta kí ẹ wá wò ó. Olútóyìn á sin yín lọ.

Ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọláwùmí.


Ìgàndó,
Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kìíní, 2025.

Ọláwùmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí òtútù ibẹ̀ pé kó rọra. Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan bí ìyá, inú mi dùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì bíi tíṣà, mo mú bírò pupa. O kọ odidi lẹ́tà sí ìyá rẹ, o kò bi í bóyá ó ti jẹun.

Mo lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. N kò ní purọ́, ẹnu yà mí. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, fúnra rẹ̀ ni yóò gbé orí ẹni sókè. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin títí Olútóyìn fi ń fọwọ́ ṣe fún mi pé ó tó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí abẹ́ àgbọ̀n ara mi nínú rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló ń gbá a. Ó ní ẹ̀rọ ni. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tó fojú di mí. Màmá kan jókòó sẹ́nu fèrèsé, mo jókòó tì í. Ó kígbe sí mi létí pé, “Ṣé òkè òkun ni tiyín náà wà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni wọ́n.” Ó yíjú padà sí fèrèsé, ó ń wo ìta títí a fi lọ.

Ìdí tí n kò fi dá ọ lóhùn lọ́jọ́ Ẹtì tí o wí nìyẹn. Mò ń ro ọ̀rọ̀ màmá náà.

O ní orí ló yọ mí. Ìgbálẹ̀ ló yọ mí o. Farabalẹ̀ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Àgbàlagbà méje la wà ní kílóòsì yìí tí ọmọ wa kò sí nítòsí. A ń ṣe àáró, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é lóko: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, owó kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan, ọjọ́ kan. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn ni yóò yí ká ilé mẹ́fà tó kù, yóò ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Bàbá Nùrẹ́nì tó jẹ́ káfíńtà ló kan igi ìdìmú sí bálùwẹ̀ mi lẹ́yìn tí mo ṣubú. Èmi ni mo ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mò ń bá wọn ka ara ìgò oògùn, mò ń pín in fún wọn sínú ike, mo sì ń fọ ẹ̀yìn Alhaja Ìdíátù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

O rántí Alhaja, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń taṣọ ní Ìkòtún nígbà náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé mi àti tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ó pé ọdún mẹ́fà. Láràárọ̀, bó bá ti kírun Àsùbá tán, yóò gbá iwájú ilé tirẹ̀, yóò kà á sí ìkínní, yóò gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa gbọ́ ìgbálẹ̀ wa. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, oníkálukú gbọ́dọ̀ gbá iwájú ilé rẹ̀, ì báà ṣe ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré. Ó mọ ìró ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbọ́ tèmi, yóò fi ọ̀pá lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, yóò sì lù mí lọ́wọ́. Nígbà náà ni n ó lọ ponmi tíì.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, ìgbálẹ̀ mẹ́fà ló kà. Ó fi ọ̀pá na géètì rẹ̀ títí kílóòsì fi jí.

Nítorí náà, bí mo bá lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ta ni yóò gba Ìṣẹ́gun?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Leicester,
Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kìíní, 2025.

Màámi,

Mo kí yín o. Ṣé ẹ ti jẹun? Ó dáa.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Afọ́jú lẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, adití ló sì ń ṣọ́. Tí mo bá gbé irú ètò yìí síwájú àwọn ọ̀gá mi níbí, wọ́n á ní kí n lọ sinmi nílé. Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Tí ọ̀fìnkìn bá dí Alhaja létí ńkọ́? Tí òun gan-an bá ṣubú, ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Mo fẹ́ràn Alhaja, aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la ti rà á. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹni tó sì ṣubú, tí ìbàdí ń dùn, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù! Màámi!

Mo ti san owó oṣù méjì sí Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n á di bẹ́ẹ̀dì náà mú dè yín di ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Kó tó dìgbà náà, olùtọ́jú kan láti ilé iṣẹ́ Ìkòtún á máa wá sọ́dọ̀ yín. Hope lorúkọ ẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì ló máa bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Olútóyìn á fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti kọ ìwé iṣẹ́ ẹ̀. Ìlà kìn-ín-ní: Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ìlà kejì: kí ẹnikẹ́ni má jí wọn kó tó di aago mẹ́jọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ti gbà.

Ọmọ yín,
Ọláwùmí.


Leicester,
Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì, 2025.

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Olútóyìn ní ẹ ti gba lẹ́tà, ẹ ká a, ẹ fi sábẹ́ Bíbélì, ẹ ní ẹ ò ní èsì tí òun máa fi ránṣẹ́. Ṣé ìbínú ni? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà sílẹ̀ kí n rí i kà. Mò ń jí láago mẹ́ta òru wo fóònù.

Hope ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Mi ò yí i padà.

Ọláwùmí.


Ìgàndó,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì, 2025.

Ọláwùmí,

Jókòó kí o tó ka èyí. Mo kú lánàá.

N kò ṣàwàdà. Ó kéré tán, gbogbo kílóòsì gbà pé mo kú, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó yẹ.

Hope tìrẹ dé ní aago márùn-ún ààbọ̀ gééré. Obìnrin alágbára ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo ṣì ń sùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó mú ìgbálẹ̀ tuntun tó gbé wá láti ilé rẹ̀, ó gbá iwájú ilé, ó gbá ẹ̀gbẹ́, ó gbá etí gọ́tà, ó gbá a dé ẹnu géètì Alhaja. O kò mọ̀, ẹ̀bi mi sì ni pé n kò sọ fún ọ: ní kílóòsì wa, ọjọ́ kan ṣoṣo ni àjèjì ń bá àgbàlagbà gbá gbogbo iwájú ilé rẹ̀ ní ìdájí. Ọjọ́ tó bá kú ni. Wọ́n ń gbá a sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ wá jókòó.

Alhaja gbọ́ ìgbálẹ̀ náà. Ó gbọ́ pé kì í ṣe tèmi. Ó ní tèmi a máa rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, a sinmi, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Èyí ń lọ ṣàìdúró. Ó dìde lórí àga, ó ní, “Tíṣà ti lọ.” Bàbá Nùrẹ́nì kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó lọ gbé bẹ́ǹṣì mẹ́rin jáde. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, Hope ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wọn ní kí ẹnikẹ́ni má dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago mẹ́jọ tó lù.” Bí Bàbá Nùrẹ́nì ṣe gbọ́ pé wọ́n ti bá ọ sọ̀rọ̀ lókè òkun, ó ṣí fìlà.

Nǹkan bí aago méje ni mo jí. Mo ní kí n lọ wo ta ló wà nílé mi tó ń gbóòórùn ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn iwájú, mo bá ìdájọ́ ìkẹyìn níta. Àwọn èèyàn jókòó. Àwọn míì dúró. Àwọn tí mo kọ́ ní ABD wà níbẹ̀ pẹ̀lú irun funfun. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, tí a jọ jà nítorí ṣéńjì lóṣù tó kọjá, ó fi aṣọ bojú. Alhaja wà láàrin, ẹnu rẹ̀ ń lọ, omi ń dà lójú rẹ̀ tí kò ríran. N kò gbọ́ ohun tó ń wí. Olútóyìn ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ń wí pé, “Tíṣà tó jẹ́ ojú mi, ta ni yóò kà mí sí báyìí?”

Mo rìn lọ bá a, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi gan-an tí n kò gbọ́ràn, mo mọ̀ ọ́n lára pé ibẹ̀ dákẹ́. Ó yẹ ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí kókó tí ẹfun ìkọ̀wé fi sí ìka mi fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gbá mi létí! Ó gbá mi létí, Ọláwùmí, ó tún fà mí mọ́ra. Bàbá Nùrẹ́nì kígbe sí mi létí pé, “Èmi ti gbé bẹ́ǹṣì mi jáde, n kò ní gbé e padà lófo. Ẹ wá wá nǹkan jíjẹ fún wa.” Hope ló dáná. Àkàrà rẹ̀ dùn.

Ta ni nínú ayé yìí tó tíì jókòó, tó ń jẹ àkàrà, tó ń wo àwọn tó máa sunkún òun? Èmi ti wò ó. Mo sì kà wọ́n, nítorí tíṣà ni mí. Ẹni mọ́kànlélógójì, láàrin wákàtí kan, nítorí pé obìnrin afọ́jú kan gbọ́ ìgbálẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. N kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, mo ṣì ń kà wọ́n.

N ó sọ òdodo tó kù, kí o má bàa sọ pé mo fi pamọ́. Lẹ́yìn àkàrà, Hope wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó lọ sókè gan-an. Ó wọn ti Alhaja, tirẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ìgbálẹ̀ kò sọ ìyẹn fún wa. O jàre lápá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta ń bọ̀, n kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì pé kéèyàn wo ọjà kó tó rà á. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí o ti wo ọjà yìí gbẹ̀yìn. Wá wò ó.

Ìyá rẹ tó ṣì wà láyé.


Leicester,
Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin, 2025.

Màámi mi,

Ṣé ẹ ti jẹun? Kí lẹ jẹ? Ṣé ẹ lo oògùn kí ẹ tó jẹ àbí lẹ́yìn ẹ̀? Mo gbé e síwájú kí bírò pupa má bàa jáde.

Mo ti padà dé láyọ̀ láti Ìgàndó, mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ mi ń fi ọgọ́rin ọkọ̀ hàn mí lójú kan, mi ò sì lè wò ó bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Kò mọ èwo ló ti rẹ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ rántí pé alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo dé, gbogbo kílóòsì ti sùn. Ẹ ní ẹ ò tíì sọ fún ẹnì kankan pé mò ń bọ̀. Ìdájí ọjọ́ Àìkú, ẹ gbé ìgbálẹ̀ yín lé mi lọ́wọ́, ẹ ní, “Gbá a.” Mo ní ìdánwò ti dé nìyí. Mo bọ́ síta, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá a bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Mi ò tíì gbá ju ibi ẹnu àtẹ̀gùn lọ tí ohùn kan fi wá láti apá kejì ògiri: “Ọláwùmí, káàbọ̀. Ọwọ́ ìyá ẹ ló wà lọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ o ń kánjú.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún mọ́kànlá, Màámi! Mo ti jókòó níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, wọ́n ní ìwé ìbéèrè ogún ojú ewé, kò sí èyí tó tíì fi gbólóhùn kan ka gbogbo ayé mi báyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ jókòó ti Alhaja láràárọ̀. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ la ń sọ. Ìgbálẹ̀ là ń kà. Ọjọ́ kan wà tí ó ka márùn-ún, ó ka tiyín ṣìkẹfà, ó wá gbé ìka kan sókè. Ó ní, “Bàbá Nùrẹ́nì.” Ìka yẹn wà lókè, kò mì. Mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń fọ ẹnu, mo gbọ́ ọkàn ara mi. Mo wo aago: aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti dìde tán tí ìgbálẹ̀ keje fi bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, fáá, fáá, bíi pé ayùn ló fi ń gbálẹ̀. Alhaja sọ ìka ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní eyín òun lòun ń wá! Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi wọlé lọ sunkún nínú bálùwẹ̀, mo di igi tí Bàbá Nùrẹ́nì kàn mú. Ó dúró gbọn-in.

Mo bi Alhaja pé ta ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, “Ìyá ẹ. Tí ògiri ò bá lù ú lọ́wọ́, ṣé o rò pé á dúró kí ẹlòmíì wá sọ fún un?” Mo ti pe ohun tẹ́ ẹ ń ṣe ní afọ́jú tó ń ṣọ́ adití. Ẹ dárí jì mí. Mi ò tíì rí ohun tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ti fà yín kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá pátápátá. Láti Oṣù Kẹta ni wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì náà fún ẹlòmíì, wọ́n sì dá ìdajì owó padà, mi ò bá wọn jà. Mo ti bá àwọn ọmọ àwọn mẹ́fà tó kù sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà mí láti rí gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà bó ṣe ń bà mí. Ọmọ Bàbá Nùrẹ́nì tó wà ní Kánádà ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ní kó má ì tíì san nǹkan kan. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: Hope á máa wá lójoojúmọ́, kì í ṣe fún ẹ̀yin nìkan, fún ẹ̀yin méjèèje. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, egbò, ìwẹ̀ ẹni tí kò lè dá wẹ̀. Àwa ọmọ la ó máa gbé e bí àáró, ọmọ kan, oṣù kan, á máa yí po. Oṣù Karùn-ún ni tèmi. Kò sí ẹni tó máa sanwó fún ẹnikẹ́ni nínú yín, mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á. Ìṣẹ́gun yín, tiyín náà ni.

Mo ti tún ìwé iṣẹ́ Hope kọ. Ìlà kìn-ín-ní: Hope ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò rí ètò fún. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yìn yín á kọ̀, tí ẹ ò ní lè dé ìta. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní fi agídí jáde. Àti pé, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o: tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Ọmọ yín tó ń kánjú,
Ọláwùmí.


Ìgàndó,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọláwùmí mi ọ̀wọ́n,

Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín. Mo lo oògùn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń jí láago mẹ́ta wo fóònù. Má bínú sí Olútóyìn, èmi ni mo ní kó má sọ. Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Hope ṣe gudugudu méje: ó fún mi lóògùn, ó fi aṣọ tútù sí mi lórí, ó pe dókítà. Ara ti ń yá. Ọwọ́ mi ni o ń rí yìí, n kò ní kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, mo dì mọ́ Hope lọ́rùn dé ẹnu ọ̀nà, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú, n kò lè gbé orí sókè. Hope wo ìgbálẹ̀, ó wò mí. Mo ní, “Ìlà kìn-ín-ní.” Ó ní, “Màmá, mo mọ̀.” Mo ní kó gbé e wá fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Òjò ń rọ̀, Ọláwùmí. Òjò Ìgàndó tí o mọ̀, tó ń bọ́ sórí páànù bí ìgbà tí wọ́n da òkúta. Èmi tí n kò gbọ́ nǹkan, mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. O ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, n kò dá ọ lóhùn, nítorí èmi náà kò mọ̀. Mo ṣèlérí ní ọkàn mi fún ọ pé n kò ní fi agídí jáde. N kò jáde. Mo na ọwọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo gbá ilẹ̀ yàrá lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbálẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ara mi ló tán.

Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.

Kò sí nǹkan kan. Ògiri tutù. Hope dúró, ó di ẹnu ara rẹ̀ mú. Mo ronú pé, ó dáa náà, Alhaja, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, nínú òjò, kí ni mo tún fẹ́? Mo ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò.

Ògiri lù mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dúró díẹ̀, mo rò pé ó ti tán.

Ó tún lù.

Ìyá rẹ.